Ìṣó Tó Tẹ̀

Ní ọdún 1968, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ ilé tuntun ní Giv'at ha-Mivtar, àdúgbò kan ní àríwá Jerúsálẹ́mù, ṣàdédé já lu ibojì àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta. Awalẹ̀pìtàn kan tó ń jẹ́ Vassilios Tzaferis ni ìjọba ní kó lọ yẹ ibẹ̀ wò. Ó bá àwọn àpótí òkúta kéékèèké níbẹ̀, irú èyí tí àwọn Júù ìgbà ayé Jésù máa ń kó egungun sí. Àṣà wọn ni pé wọ́n á kọ́kọ́ tẹ́ òkú sínú ibojì ìdílé. Tó bá tó bí ọdún kan tí ara ti jẹrà tán, àwọn ẹbí á padà wá ṣa egungun rẹ̀ sínú àpótí, wọ́n á sì gbé e sáàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ha sára ọ̀kan nínú àwọn àpótí náà ni Yehohanan. Ọkùnrin ni, kò sì tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà tó kú.

Gìgísẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ni ayé fi mọ̀ ọ́n. Ìṣó irin kan wọ inú egungun gìgísẹ̀ náà láti ẹ̀gbẹ́, ó sì yọ sí òdìkejì. Gígùn ìṣó náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 11.5. Ẹnu rẹ̀ tẹ̀, ó ká kò, àfi bíi pé ó bá kókó igi pàdé nígbà tí wọ́n ń gbá a wọlé. Láàárín orí ìṣó àti egungun, ègé igi ólífì tín-ín-rín kan ṣì wà níbẹ̀, èyí tí àwọn tó kàn án mọ́ igi fi há a kó má baà lè fa ẹsẹ̀ yọ.

Irin kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń fi ṣòfò láyé ìgbà yẹn. Bí wọ́n bá sọ òkú kalẹ̀ lórí àgbélébùú, wọ́n á yọ ìṣó. Ti Yehohanan kọ̀, kò yọ, nítorí ó ti tẹ̀. Wọ́n sin ín tòun tìṣó lẹ́sẹ̀. Ká ní ìṣó yẹn wọlé tààrà ni, wọn ì bá fà á yọ, ihò kékeré kan lára egungun tó ti gbó ni ì bá kù, ta ni ì bá sì wò ó lẹ́ẹ̀mejì?

Ẹ wá fi ìyẹn wé ohun tí Josephus, òpìtàn Júù tí ọ̀pọ̀ ohun tó kọ ṣojú òun fúnra rẹ̀, sọ. Ó ní nígbà tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ikú Hẹ́rọ́dù, Varus, ọ̀gágun Róòmù, kan nǹkan bí 2,000 èèyàn mọ́ igi. Nígbà tí Róòmù dó ti Jerúsálẹ́mù ní ọdún 70, ó ní wọ́n ń kan èèyàn 500 lóòjọ́ nígbà mìíràn, títí tí kò fi sí àyè fún àgbélébùú mọ́, tí kò sì sí àgbélébùú tó máa tó fún òkú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ilẹ̀ tí Róòmù jọba lé lórí, egungun tí wọ́n hú jáde tòun tìṣó nínú gìgísẹ̀ kò ju ohun téèyàn lè fi ọmọ ìka ọwọ́ kan kà lọ. Ọ̀kan ni Yehohanan. Òmíràn jáde ní Fenstanton, abúlé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 2017.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò jùyẹn lọ: èèṣì ló gbé gbogbo ohun tí a ní dé ọwọ́ wa. Bí èèyàn bá ti fi èyí sọ́kàn, ó máa ń yí bó ṣe ń ka ìtàn àwọn Kristẹni àkọ́kọ́ padà, ó sì máa ń yí ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ ilẹ̀ padà.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìsìnkú Jésù. Àwọn onímọ̀ kan ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ìtàn Jósẹ́fù ará Arimatíà kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé ẹyẹ àti ajá ni àwọn ará Róòmù máa ń fi òkú ẹni tí wọ́n kàn mọ́ igi sílẹ̀ fún, wọn kì í jẹ́ kí ẹbí gbé e. Wọn ò parọ́ nípa Róòmù. Ìṣe wọn níbi púpọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Yehohanan rèé nínú ibojì àwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n ha orúkọ rẹ̀ sára àpótí, ẹnì kan sì padà wá lẹ́yìn ọdún kan láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa egungun ẹsẹ̀ yẹn. Josephus náà kọ ọ́ pé àwọn Júù máa ń sọ ẹni tí wọ́n kàn mọ́ igi kalẹ̀, wọ́n á sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin inú ìwé Deuterónómì. Gìgísẹ̀ kan kò sọ pé Jósẹ́fù gbé òkú Jésù. Ó sọ pé ní ìlú yẹn, ní ìran yẹn, ẹbí lè gbé òkú ẹni tí ìjọba kàn mọ́ igi, kí wọ́n sì sin ín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ibi tí ẹ̀rí dé nìyẹn, ibẹ̀ náà ni mo máa ń dúró sí. Kò ṣe mí bíi pé ó kéré.

Àwọn tó kọ́kọ́ yẹ egungun náà wò ṣì í kà pàápàá. Nicu Haas, oníṣègùn tó ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, kò ráyè púpọ̀, nítorí wọ́n fẹ́ tún egungun náà sin. Ó kọ ọ́ ní 1970 pé ìṣó kan ṣoṣo ló gba gìgísẹ̀ méjèèjì kọjá, àwòrán àgbélébùú tó wọ́ ọkùnrin náà lẹ́sẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan sì tàn káàkiri ayé. Ní 1985, Joseph Zias àti Eliezer Sekeles tún un wò: gìgísẹ̀ kan ṣoṣo ló wà lára ìṣó náà. Ó jọ pé ẹsẹ̀ kan wà ní apá ọ̀tún igi, èkejì ní apá òsì, tí wọ́n gbá ìṣó wọlé látẹ̀gbẹ́. Wọn ò sì rí àpá ìṣó kankan ní ọwọ́ rẹ̀, bóyá okùn ni wọ́n fi dè é. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn. Ẹni tó bá ní òun rí nǹkan gbọ́dọ̀ gbé e kalẹ̀ kí ẹlòmíràn wò ó, kí ẹlòmíràn sì lè sọ pé rárá, kò rí bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp ìjọ kankan, ẹ ti rí fídíò kẹ̀kẹ́ ogun Fáráò tí wọ́n ní ó wà nísàlẹ̀ Òkun Pupa. Ó máa ń pòórá, á tún padà wá, pẹ̀lú orin tuntun lábẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Ron Wyatt, nọ́ọ̀sì ni iṣẹ́ rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Òun náà ló ní òun rí ọkọ̀ Nóà, tó tún ní òun rí àpótí ẹ̀rí lábẹ́ Jerúsálẹ́mù. Ó kú ní 1999. Kẹ̀kẹ́ ogun kankan kò dé ọwọ́ awalẹ̀pìtàn kankan láti yẹ̀ wò, títí di òní. Ìyá wa kan nínú ìjọ, tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, ló fi èyí tó gbẹ̀yìn ránṣẹ́ sí mi. N kò fẹ́ dá wọn lóhùn níṣojú gbogbo èèyàn, mo bá pè wọ́n. Mo ní, "Mà, ẹ ṣeun, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òótọ́." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé o ò gba Bíbélì gbọ́ mọ́ ni, ọmọ mi?" Mo ní, "Mo gbà á gbọ́, mà. Ìdí tí n kò ṣe fẹ́ kí wọ́n ti irọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ nìyẹn."

Mo mọ ohun tó fà á tí irú fídíò bẹ́ẹ̀ fi ń tà. Ìgbàgbọ́ àwọn èèyàn wa kì í ṣe ohun àfipamọ́, wọ́n fẹ́ kí ayé gbà pẹ̀lú wọn, ọmọ wọn tó wà ní yunifásítì sì ń bi wọ́n ní ìbéèrè. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í bi omi léèrè orísun. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti fi òùngbẹ yìí ṣòwò. Ẹ wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Bíbélì tí wọ́n ṣí ní Washington ní 2017. Ègé ìwé 16 ni wọ́n ní nínú àwọn tí wọ́n pè ní Àkájọ Ìwé Òkun Òkú, ìyẹn àwọn ìwé àtijọ́ tí wọ́n rí nínú ihò àpáta lẹ́bàá Òkun Òkú. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ ká yìn wọ́n fún un, ló pe àwọn onímọ̀ kí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò, ní oṣù kẹta ọdún 2020 sì ni èsì jáde: gbogbo 16 ni ayédèrú. Awọ àtijọ́ ni wọ́n kọ ọ́ sí lóòótọ́, ṣùgbọ́n tàdáwà ṣàn wọnú àwọn ibi tí awọ náà ti sán. Awọ ti gbó, ó ti sán, kí ẹnikẹ́ni tó fi kálàmù kàn án.

Òkúta Pílátù kò ní irú ìṣòro yìí, nítorí a mọ ibi tó ti jáde. Ní 1961, àwọn ará Ítálì tí Antonio Frova ṣáájú wọn ń walẹ̀ nínú gbọ̀ngàn eré àtijọ́ ní Késáríà, létí òkun. Wọ́n ṣí òkúta kan tó ti di àtẹ̀gùn, wọ́n rí lẹ́tà Látìn lára rẹ̀. Ẹni tó gé e láti fi ṣe àtẹ̀gùn ti bẹ́ apá òsì rẹ̀ sọnù, nítorí náà "tius Pilatus" ló kù, "Pon" ti lọ. Ìlà tó tẹ̀ lé e sọ ipò rẹ̀: gómìnà Jùdíà, pẹ̀lú orúkọ oyè tí àwọn ológun ń jẹ, èyí tó yàtọ̀ sí èyí tí Tacitus, òpìtàn Róòmù, fi pè é ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ní Késáríà, níbi tí wọ́n gbé ẹ̀dà rẹ̀ sí, mo dúró títí àwọn tí a jọ lọ fi ń pè mí pé bọ́ọ̀sì ń lọ. Ọkàn wọn ti wà ní Jọ́dánì, níbi tí a ó ti bu omi sínú ike lọ sílé. Èmi náà bu tèmi. Ṣùgbọ́n èyí tí n kò lè gbé lọ sílé ni mò ń rò: Pílátù kọ́ ilé kan láti fi yẹ́ Tìbéríù ọba sí, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i kí wọ́n lè máa rántí rẹ̀, àwọn èèyàn sì fi ń ṣe àtẹ̀gùn.

Lẹ́tà Kíláúdíù, ọba Róòmù, tí wọ́n rí ní Delphi, ìlú kan ní ilẹ̀ Gíríìsì, náà tún jọ bẹ́ẹ̀. Ó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó rí i, àwọn ará Faransé ló sì tò ó pọ̀. Ohun tí lẹ́tà náà ń sọ ni pé Delphi ti ń dá páropáro, kí wọ́n pe àwọn èèyàn wá gbébẹ̀. Nínú rẹ̀ ni ọba ti dárúkọ Gálíónì, ọ̀rẹ́ òun tó jẹ́ gómìnà Ákáyà. Orúkọ oyè ọba tó wà nínú lẹ́tà jẹ́ ká mọ̀ pé ọdún 52 ni tàbí ibi tó súnmọ́ ọn. Gálíónì yìí náà ni ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 18 sọ pé wọ́n fa Pọ́ọ̀lù wá síwájú rẹ̀ ní Kọ́ríńtì, tó sì lé wọn kúrò nílé ẹjọ́. Láti ara ìlà kan nípa ìlú tí kò lérò, a mọ ìgbà tí Pọ́ọ̀lù wà ní Kọ́ríńtì, ibẹ̀ sì ni àwọn òpìtàn ti ń ka ọdún síwájú àti sẹ́yìn láti mọ ìgbà tó kọ àwọn lẹ́tà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọba àti gómìnà kọ́ ló gba ọkàn mi jù. Dura-Europos ni.

Ìlú olódi ni, létí odò Yúfírétì, ní ilẹ̀ Síríà òde òní. Ní nǹkan bí ọdún 256, àwọn ará Páṣíà wá dó tì í. Àwọn ọmọ ogun Róòmù tó ń ṣọ́ ọ rí i pé odi náà nìkan kò ní tó, ni wọ́n bá kó iyẹ̀pẹ̀ kún gbogbo ilé tó fara ti odi, kí odi lè nípọn sí i. Kò gbà wọ́n. Ìlú ṣubú, ó sì di ahoro. Àwọn ilé tí wọ́n sin yẹn ló wà nílẹ̀ tí ohunkóhun kò fọwọ́ kàn fún nǹkan bí 1,700 ọdún, títí àwọn awalẹ̀pìtàn Yunifásítì Yale àti ti ilẹ̀ Faransé fi dé. Ní sáà 1931 sí 1932, wọ́n kan ilé ìjọsìn Kristẹni kan. Nínú gbogbo ilé ìjọsìn àwọn Kristẹni tí ọjọ́ orí wọn dájú, kò sí èyí tó dàgbà jù ú lọ.

Ilé gbígbé ni tẹ́lẹ̀, àgbàlá láàárín, yàrá yí i ká. Ẹnì kan ha ọdún sára pílásítà rẹ̀ nígbà tó ṣì tútù, ọdún náà sì bọ́ sí 232 tàbí 233. Nígbà tó yá, wọ́n wó ògiri àárín yàrá méjì kó lè di gbọ̀ngàn kan tó gba èèyàn tó lé ní 60, wọ́n mọ pèpele kékeré sí ìpẹ̀kun rẹ̀. Yàrá kékeré kan ni wọ́n sọ di ibi ìrìbọmi. Wọ́n mọ ibi omi sí i, wọ́n ṣe òrùlé lé e lórí, wọ́n sì kun ìràwọ̀ sábẹ́ òrùlé náà, kí ẹni tó bá wọ inú omi lè gbójú sókè rí i. Lára ògiri, olùṣọ́ àgùntàn gbé àgùntàn kọ́ èjìká. Arọ kan dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkùnrin kan náà ti dìde, ó gbé bẹ́ẹ̀dì kọ́ ẹ̀yìn, ó ń lọ. Pétérù ń rìn lórí omi. Àwọn obìnrin kan ń bọ̀ pẹ̀lú iná lọ́wọ́. Àwọn onímọ̀ kan ní ibojì Jésù ni wọ́n ń lọ, àwọn mìíràn ní àwọn wúńdíá tó ń lọ pàdé ọkọ ìyàwó ni. Jésù tó wà níbẹ̀ kò ní irùngbọ̀n, irun rẹ̀ sì kúrú. Kò jọ ẹni tó wà lórí kàlẹ́ńdà pálọ̀ wa rárá.

Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ pé àwọn Kristẹni ìgbà ìpilẹ̀ṣẹ̀ kò lo àwòrán, pé Kọnsitantíìnì ọba ló kó o wọ inú ìjọ. Ìlú tó ṣubú ní 256 ti dáhùn ìyẹn; wọn ò tíì bí Kọnsitantíìnì nígbà náà. Sínágọ́gù àwọn Júù wà ní òpópónà kan náà lẹ́bàá odi, àwòrán Mósè àti Èlíjà kún ògiri rẹ̀ láti òkè délẹ̀, òun náà sì rù ú là lábẹ́ iyẹ̀pẹ̀ kan náà. Àwọn ará àdúgbò kan náà ni wọ́n, wọ́n ń bára wọn pàdé lójú pópó. Nínú ilé ìjọsìn àwọn Kristẹni, ẹnì kan ha ọ̀rọ̀ sára ògiri pé kí wọ́n rántí Proclus.

Àwọn àwòrán ibi ìrìbọmi náà wà ní Yale báyìí, ti sínágọ́gù sì wà ní Damásíkù. Ohun tó kù sílẹ̀ ní Dura ló ń dùn mí. Láti ìgbà tí ogun Síríà ti bẹ̀rẹ̀ ní 2011, àwọn jàgùdà ti gbẹ́ ihò bo ibẹ̀. Fọ́tò tí wọ́n yà láti ojú òfurufú fi hàn pé ihò fara ti ihò. Ohun tí wọ́n bá wú jáde, ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà dé ọwọ́ olówó. Bí ẹnì kan bá tà á fún ẹ tó ní ohun mímọ́ ni, tó sì fi dá ẹ lójú pé àtijọ́ ni, kò lè sọ fún ẹ inú yàrá wo ló ti wá àti ẹ̀gbẹ́ kí ló wà. Ìṣó tí kò sí gìgísẹ̀ lára rẹ̀ mọ́ nìyẹn, irin lásán. Mo gbà pé Kristẹni tó ń ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí ọkàn rẹ̀ mọ́ tó, ń jó ìwé ìtàn ìjọ tirẹ̀ níná.

Ilẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀ níbòmíràn. Ní 2005, wọ́n fẹ́ fẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n kan lójú sí i ní Mẹ́gídò, ní Ísírẹ́lì. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ló ń bá wọn walẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti kan ilẹ̀ yàrá tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ṣe ọnà sí. Àwọn tó wà á ní ó ti wà láti nǹkan bí ọdún 230, àwọn mìíràn ṣì ń jiyàn lórí ọjọ́ orí rẹ̀. Wọ́n fi lẹ́tà Gíríìkì kọ ọ́ sínú ọnà náà pé Gaianus, ọ̀gá nínú ọmọ ogun, arákùnrin wa, fi owó ara rẹ̀ ṣe ilẹ̀ náà. Wọ́n dárúkọ obìnrin mẹ́rin pé kí wọ́n máa rántí wọn: Primilla, Cyriaca, Dorothea, Chreste. Wọ́n ní Akeptous, obìnrin tó fẹ́ràn Ọlọ́run, fi tábìlì kan ta Jésù Kristi Ọlọ́run lọ́rẹ fún ìrántí. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀ṣì èyíkéyìí tó ti pẹ́ nílẹ̀ ní Abẹ́òkúta tàbí Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára àga àti fèrèsé, ẹ ó bá Akeptous níbẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka orúkọ rẹ̀, ẹ̀rín pa mí, omi sì tún dé ojú mi.

Èyí tó kẹ́yìn, ìwé ni. Oxyrhynchus ni ìlú náà, ní Íjíbítì, níbi tí òjò kì í fẹ́ẹ̀ rọ̀. Ààtàn ìlú yẹn ni Grenfell àti Hunt, onímọ̀ Oxford méjì, bẹ̀rẹ̀ sí í wú ní sáà 1896 sí 1897, wọ́n sì ń bá ìwé papyrus, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi koríko odò ṣe, nínú rẹ̀: ìwé gbèsè, lẹ́tà ọmọ sí bàbá, ègé ìwé Ìhìnrere. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti oṣù kejì ọdún 256, ọdún tí a ń sọ pé Dura ṣubú. Aláṣẹ ìlú ló kọ ọ́ sí àwọn olórí abúlé Mermertha pé kí wọ́n fi Petosorapis, ọmọ Horus, Kristẹni, ránṣẹ́ kíákíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí àwọn fúnra wọn máa bọ̀. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Kò sọ ẹ̀ṣẹ̀ tí ọkùnrin náà ṣẹ̀. Wọ́n lo ìwé náà tán, wọ́n sọ ọ́ sí ààtàn. Bí wọ́n ṣe kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ègé lọ sí Oxford tó, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n tíì kà tẹ̀ jáde, ìdìpọ̀ tuntun sì ṣì ń jáde. Bí èyíkéyìí bá ti bọ́ sí mi lọ́wọ́, orúkọ èèyàn ni mo máa ń kọ́kọ́ wá nínú rẹ̀.